Rímóòtù Wo Ni Kí N Rà fún Ọkọ̀ Ogun Ìjà? Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ń Kan Ọkọ̀ Àkọ́kọ́

Ìbéèrè yìí kì í tán. Ẹnì kan á fi fọ́tò ọkọ̀ ojú omi kékeré onírímóòtù tó ń kàn ránṣẹ́ sí mi, gọ́ọ̀mù ò tíì gbẹ lára rẹ̀, ohun tó máa kọ sábẹ́ fọ́tò náà ni pé: "Ẹ̀gbọ́n, ṣánẹ́ẹ̀lì mélòó ló yẹ kí rímóòtù mi ní?" Mo ti dáhùn rẹ̀ títí ó fi sú mi. Mo wá kọ ọ́ síbí, kí n lè máa nawọ́ sí i.

Ìdáhùn kúkúrú ni pé mẹ́fà tó. (Ṣánẹ́ẹ̀lì kan ni ọ̀nà kan tí rímóòtù fi ń pàṣẹ ohun kan fún ọkọ̀.) Ṣùgbọ́n iye ṣánẹ́ẹ̀lì kọ́ ló ń ba ọjọ́ jẹ́ mọ́ni lọ́wọ́ létí adágún. Ohun méjì ló ń bà á jẹ́: ibi tí ìka yín wà nígbà tí ọ̀tá bá já sí yín lẹ́gbẹ̀ẹ́, àti ohun tí ọkọ̀ yín máa ṣe nígbà tí kò bá gbọ́ yín mọ́. Ohun méjèèjì yìí ni kí ẹ fi ra rímóòtù.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé: àwọn ọkọ̀ tí wọ́n fi ń jà nínú adágún ní Amẹ́ríkà, lábẹ́ òfin ẹgbẹ́ bíi IRCWCC àti MWC, ni mò ń sọ. Ìwọ̀n 1:144 ni wọ́n, ìyẹn ni pé ọkọ̀ gidi gùn tó wọn ní ìlọ́po 144, igi balsa fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bo ẹ̀gbẹ́ wọn, gáàsì CO2 ni ìbọn wọn fi ń yin ọta irin róbótó tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 4.5. Ọta máa ń dá ihò sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ní ti gidi, omi máa ń wọlé, ọkọ̀ sì máa ń rì. Ohun tó dára fún ọkọ̀ tí wọ́n kàn fi ń gbafẹ́ lójú omi lè má dára fún tiwa rárá.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ ka iṣẹ́ tí ọkọ̀ máa ṣe

Ẹ mú bébà, kí ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ kí ọkọ̀ ṣe nígbà tí ẹ bá dúró lórí ilẹ̀.

1. Síwájú àti sẹ́yìn: ṣánẹ́ẹ̀lì kan. Ó ń lọ sí ESC, ìyẹn pátákó kékeré tó ń fi kún iná mọ́tò tàbí tó ń dín in kù. Bí ọkọ̀ bá ní mọ́tò méjì, ESC kan tó lágbára lè gbé méjèèjì.
2. Ìtọ́kọ̀: kan. Kódà bí ìtọ́kọ̀ bá jẹ́ méjì, servo kan, ìyẹn mọ́tò kékeré tó ń yí apá rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ló ń yí wọn pọ̀.
3. Ìbọn: bí wọ́n ṣe ń yìn ni kí ẹ fi kà wọ́n, kì í ṣe bí wọ́n ṣe pọ̀ tó. Ìbọn méjì tó ń yìn pa pọ̀ nídìí ọkọ̀, ọ̀kan ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀ sì ni ṣánẹ́ẹ̀lì kan lè ṣiṣẹ́ méjì: apá servo á lọ sí òsì, á tẹ fáàfù ìbọn òsì; á lọ sí ọ̀tún, á tẹ ti ọ̀tún; tó bá wà láàárín, kò kan ìkankan.
4. Pọ́ǹpù tó ń da omi jáde: kan, àyàfi tí ẹ bá lo súwíìṣì tó ń léfòó, tí omi bá gbé e sókè kí pọ́ǹpù tan fúnra rẹ̀.

Ẹ rò ó pọ̀: mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹ fi ọ̀kan kún un fún ohun tí ẹ máa rántí lẹ́yìn. Bí mo ṣe dé mẹ́fà nìyẹn.

Ìtóbi ọkọ̀ náà ní tirẹ̀ láti sọ. Bismarck gùn tó mítà 251 ní ayé rẹ̀, tiwa á gùn tó mítà 1.74, ẹ lè fi rìsífà, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré inú ọkọ̀ tó ń gba àṣẹ rímóòtù, síbi tó bá wù yín nínú rẹ̀. Fletcher, ọkọ̀ ogun kékeré tí wọ́n ń pè ní destroyer, tí Amẹ́ríkà lò nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, kò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 8 àti díẹ̀ lọ tí ẹ bá kàn án tán. Nínú ọkọ̀ tóóró bẹ́ẹ̀, ìtóbi rìsífà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wo rímóòtù tó ń bá a ṣiṣẹ́.

Ẹgbẹ́ tó ń ṣe eré tí wọ́n ń pè ní Big Gun yàtọ̀. Níbẹ̀, ìbọn ńlá ń yin ọta ńlá, ìbọn kékeré ń yin ọta kékeré, ilé ìbọn sì lè máa yí sọ́tùn-ún sósì. Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ lẹ ń lọ, ẹ wá ṣánẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ sókè. Nítorí náà, ẹ mọ ẹgbẹ́ tí ẹ fẹ́ bá ṣeré kí ẹ tó ra ohunkóhun, kí ẹ sì ka òfin wọn.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni rímóòtù ọlọ́wọ́ ìbọn, èyí tó ní táyà kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n fi ń wa mọ́tò eré. Ó rọrùn lọ́wọ́, ó sì máa ń wà nílé tẹ́lẹ̀. Ṣánẹ́ẹ̀lì méjì sí mẹ́ta ló sábà máa ń ní. Ẹ máa wa ọkọ̀, ẹ máa yí ìtọ́kọ̀, kò ní sí ohun tí ẹ máa fi yìnbọn.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ yan ìgbì

Mi ò ní pẹ́ níbí. Ẹ ra 2.4 GHz.

- 2.4 GHz: rìsífà yín mọ rímóòtù yín nìkan. Èèyàn mẹ́wàá lè jà nínú adágún kan láìdí ara wọn lọ́wọ́.
- 75 MHz: ìgbì àtijọ́ fún ọkọ̀ orí ilẹ̀ àti ojú omi ní Amẹ́ríkà. Ó bófin mu, ó sì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni méjì tó bá wà lórí nọ́ńbà kan náà ò lè tan rímóòtù lẹ́ẹ̀kan náà.
- 72 MHz: ti bàlúù kékeré ni. Ẹ má fọwọ́ kàn án, bó ti wù kí ó pọ́ọ́kú tó. Kò bófin mu láti fi wa ọkọ̀ ojú omi ní Amẹ́ríkà, ẹ sì lè já bàlúù ẹni ẹlẹ́ni bọ́ láti ojú ọ̀run.
- 27 MHz: ohun ìṣeré ọmọdé ló kún orí rẹ̀.

Ẹ̀yin tó wà ní ìlú ọba, 40 MHz ni ti ọkọ̀ ilẹ̀ àti omi lọ́dọ̀ yín, 35 MHz ni ti bàlúù. Ìmọ̀ràn mi kò yí padà: 2.4 GHz.

Ẹnì kan ṣoṣo ni mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀ fún, ẹni tó ń kan ọkọ̀ abẹ́ omi. Ìgbì 2.4 GHz kì í wọ inú omi jìnnà, ìdí nìyẹn tí àwọn yẹn fi ṣì ń wá rímóòtù 40 àti 75 kiri. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, a máa padà sí i níbi áńtẹ́nà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ìka yín

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ jókòó sí. Ẹ di rímóòtù mú kí ẹ tó rà á, tó bá ṣeé ṣe. Bí ẹ bá máa rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ yá ti ẹlòmíì wò létí adágún.

Rímóòtù tó ní ọ̀pá méjì lẹ ń wá. Ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ń lọ sókè sódò, ó sì ń lọ sọ́tùn-ún sósì, èyí jẹ́ ṣánẹ́ẹ̀lì mẹ́rin kí ẹ tó kan súwíìṣì kankan. Lórí èyí tí wọ́n ń pè ní Mode 2, tó wọ́pọ̀ jù ní Amẹ́ríkà, ọ̀pá òsì kì í dá padà sáàárín tí ẹ bá tì í sókè. Ibi tí ẹ fi í sí ló máa wà. Àwọn yòókù ní sípíríǹgì, wọ́n ń dá padà.

Bí mo ṣe ń to tèmi nìyí:

- Ọ̀pá òsì, sókè sódò: ìyára ọkọ̀
- Ọ̀pá òsì, sọ́tùn-ún sósì: ìtọ́kọ̀
- Ọ̀pá ọ̀tún, sọ́tùn-ún sósì: ìbọn ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ti òsì
- Ọ̀pá ọ̀tún, sódò: ìbọn ìdí ọkọ̀
- Súwíìṣì lókè lápá òsì: pọ́ǹpù

Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Ọwọ́ òsì nìkan ló ń wa ọkọ̀, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló ń jà. Mo lè fi ìyára sílẹ̀ ní kíkún, kí n máa fi àtàǹpàkò òsì yí ìtọ́kọ̀, ọkọ̀ ò ní dúró. Tí mo bá fẹ́ yìnbọn sápá ọ̀tún, ọ̀tún náà ni mò ń ti ọ̀pá sí. Kò sí pé mò ń ronú. Ẹni tó bá fi ìbọn sórí súwíìṣì kéékèèké máa ń wolẹ̀ wá súwíìṣì; nígbà tó bá máa fi gbójú sókè, ọ̀tá ti lọ.

Àwọn kan ò fẹ́ràn kí ìyára dúró síbi tí wọ́n fi í sí. Wọ́n fẹ́ kí ọkọ̀ dúró tí wọ́n bá ti jùwọ́ sílẹ̀. Ìyẹn náà dára, pàápàá fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ wíwà rẹ̀: ẹ gbé ESC sí ọ̀pá ọ̀tún sókè sódò, kí ẹ kó ìbọn lọ sí òsì. Èmi gbìyànjú ẹ̀ fún oṣù kan, àtàǹpàkò mi ń ro mí.

Ìkìlọ̀ kan tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ títí wọ́n á fi rí i: rímóòtù bàlúù ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn rímóòtù yìí. FS-i6 ti FlySky, fún àpẹẹrẹ, kì í gbà kí ẹ tan òun àfi tí ọ̀pá ìyára bá wà nísàlẹ̀ pátápátá. Fún bàlúù, ìsàlẹ̀ pátápátá túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ ti kú. Fún ọkọ̀ wa tó ń lọ síwájú àti sẹ́yìn, ìsàlẹ̀ pátápátá ni kí ó sáré sẹ́yìn ní gbogbo agbára rẹ̀! Nítorí náà: ẹ tan rímóòtù, ẹ gbé ọ̀pá wá sáàárín, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tan ọkọ̀. Lójoojúmọ́. Ẹ tún kùn ún sára rímóòtù, ìlà funfun kékeré ní àárín gan-an, kí ìka àti ojú lè rí i.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Failsafe

Failsafe ni ohun tí rìsífà máa ń ṣe nígbà tí kò bá gbọ́ rímóòtù mọ́, ìbáà jẹ́ pé bátìrì rímóòtù kú, ìbáà jẹ́ pé áńtẹ́nà wọ omi. Rìsífà tí ẹ kò bá pàṣẹ kankan fún lè máa ṣe ohun tí ẹ sọ fún un kẹ́yìn lọ: tó bá jẹ́ eré lẹ ní kó sá, á máa sá lọ.

Mo fi ojú ara mi rí ohun tó lè ṣe. Nígbà tí mo so rìsífà mi àkọ́kọ́ pọ̀ mọ́ rímóòtù, irú èyí ni pé ibi tí ọ̀pá bá wà lákòókò ìsopọ̀ ló máa fi ṣe failsafe. Mi ò mọ̀. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ ti ọ̀pá ọ̀tún díẹ̀ nígbà tí mo ń tẹ bọ́tìnì. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, létí adágún, mo gbé ọkọ̀ sórí tábìlì, gáàsì wà nínú rẹ̀, ọta wà nínú ìbọn, mo wá pa rímóòtù láti pààrọ̀ bátìrì. Pá-pá-pá! Ìbọn òsì bẹ̀rẹ̀ sí yìn fúnra rẹ̀. Kúlà tí ẹnì kan kó omi tútù sí ló gba ọta náà. Ihò mẹ́ta ló kù lára rẹ̀, ẹni tó ni ín sì ń fi hàn mí lọ́dọọdún. Ojú èèyàn ló lè jẹ́.

Kí ẹ tó ra rìsífà kankan, ẹ bi ẹni tó ń tà á tàbí kí ẹ ka ìwé rẹ̀ fún ìbéèrè yìí: ṣé ṣánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ló ní failsafe tirẹ̀, àbí ti ìyára nìkan? Rìsífà wà tó jẹ́ ìyára nìkan ló ń dá dúró, tí ìbọn á sì wà bó ṣe wà. Ẹ má rà á fún iṣẹ́ yìí.

Bí ó ṣe yẹ kí ẹ ṣètò rẹ̀:

- Ìyára: àárín, kí ọkọ̀ dúró
- Ìtọ́kọ̀: àárín
- Ìbọn gbogbo: ibi tí servo ò ti kan fáàfù
- Pọ́ǹpù: títàn

Lórí pọ́ǹpù tó kẹ́yìn yẹn làwọn èèyàn ti máa ń yà mí lẹ́nu, torí wọ́n máa ń pa á. Ọkọ̀ tí kò gbọ́ yín mọ́ sábà jẹ́ ọkọ̀ tí omi ti ń kún. Pọ́ǹpù tó ń ṣiṣẹ́ lè gbé e sókè díẹ̀, kí áńtẹ́nà tún yọrí, kí ẹ rí i wà lọ sí etí omi. Ẹ kàn bi ẹgbẹ́ yín bóyá òfin wọn gbà á.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Iná rìsífà

Ẹni tó bá ní "rímóòtù mi ò dára", mẹ́jọ nínú mẹ́wàá lójú tèmi, iná rìsífà ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Servo mẹ́rin bá fà lẹ́ẹ̀kan náà, iná á rẹlẹ̀, rìsífà á kú, á jí, á máa wá rímóòtù kiri. Lójú yín, ọkọ̀ ò gbọ́ yín mọ́.

ESC púpọ̀ ló ní BEC nínú, ohun tó ń sọ iná bátìrì ńlá di nǹkan bíi fólítì 5 fún rìsífà. Ó tó fún ọkọ̀ kékeré. Fún ọkọ̀ ńlá, ẹ ra BEC tó dá dúró, tó lè fúnni ní áńpíà 3 sókè, kí ẹ so ó mọ́ rìsífà fúnra rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí BEC méjì wọ rìsífà kan náà. Wọ́n á máa bá ara wọn jà. Bí ẹ ṣe máa yọ ti ESC kúrò nìyí:

1. Ẹ wo plọ́ọ̀gì ESC tó ń wọ rìsífà. Wáyà mẹ́ta ni. Pupa ló wà láàárín.
2. Lára plọ́ọ̀gì náà, níbi pupa, ahọ́n rọ́bà kékeré kan wà. Ẹ fi orí abẹ́rẹ́ gbé e sókè díẹ̀. Bí ẹ bá gbé e jù, á ṣẹ́.
3. Ẹ fa wáyà pupa jẹ́jẹ́, á yọ. Ẹ ká a sẹ́yìn, kí ẹ fi tépù dì í. Ẹ má gé e, ẹ lè nílò rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn.
4. Ẹ so BEC tuntun mọ́ ojú ihò tí wọ́n kọ BAT sí lára rìsífà, tàbí ihò èyíkéyìí tó ṣófo.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Áńtẹ́nà àti omi

Ọkọ̀ wa kì í yọrí púpọ̀ lójú omi. Tí rìsífà bá wà nísàlẹ̀ ọkọ̀, omi yí i ká lọ́tùn-ún lósì. Ọkọ̀ bá tún gba ihò bíi mélòó kan, ó rì sísàlẹ̀ díẹ̀, ìgbì ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Àtúnṣe rẹ̀ ò wọ́n: ẹ fa áńtẹ́nà gba inú páìpù tín-ín-rín lọ sínú ilé tó wà lórí ọkọ̀, tàbí sínú òpó rẹ̀, bó bá ṣe lè ga tó.

- Orí áńtẹ́nà 2.4 GHz, ibi tí wọ́n ti bó o, tó gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3, ibẹ̀ ló ń gbọ́ ìgbì. Ẹ má ká a, ẹ má gé e.
- Bí ó bá jẹ́ méjì, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan dúró ṣánṣán, kí ìkejì dùbúlẹ̀.
- Ẹ gbé e jìnnà sí irin, ìgò gáàsì àti bátìrì.

Ní ti rìsífà fúnra rẹ̀, ọ̀nà mẹ́ta ni mo mọ̀. Àwọn àgbà máa ń fi sínú fèrè rọ́bà tí ọmọdé ń fẹ́ kó wú, wọ́n á so ẹnu rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ kan, àmọ́ ó máa ń làágùn nínú. Ẹ yọ ọ́ síta lálẹ́. Ìkejì ni àpótí oníke tó ní rọ́bà lẹ́nu. Ìkẹta ni conformal coating, ọ̀dà tín-ín-rín tí wọ́n ń fi kun pátákó ẹ̀rọ, èyí tí mo fẹ́ràn jù. Ẹ ṣí rìsífà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Kò gbọ̀dọ̀ kan abẹ́rẹ́ tí plọ́ọ̀gì ń wọ̀, kò sì gbọdọ̀ wọ inú bọ́tìnì ìsopọ̀. Ẹ so ó pọ̀ mọ́ rímóòtù kí ẹ tó kùn ún. Mo mọ ẹni tó kùn ún tán kó tó rántí, bọ́tìnì ò sì tẹ̀ mọ́ láyé.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ wá rà á

Rímóòtù kan kì í sábà bá rìsífà ilé iṣẹ́ mìíràn sọ̀rọ̀, bí méjèèjì tilẹ̀ jẹ́ 2.4 GHz. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé owó rìsífà wà nínú owó rímóòtù, torí pé ọkọ̀ kejì ń bọ̀, ẹ ò tíì mọ̀ ni.

*Owó kékeré.* FS-i6X ti FlySky. Ṣánẹ́ẹ̀lì 10 ni rímóòtù náà ní, ó lè rántí ọkọ̀ púpọ̀, rìsífà rẹ̀ ò wọ́n, bátìrì AA mẹ́rin ló ń lò, gbogbo rẹ̀ ò sì tó ọgọ́rùn-ún dọ́là. Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan: rìsífà iA6B tó sábà máa ń bá a wá, ihò servo mẹ́fà ló ní. Ẹni tó bá fẹ́ mẹ́wàá gbọ́dọ̀ ra iA10B. Èyí ni mo máa ń sọ fún ẹni tó bá ń kan ọkọ̀ àkọ́kọ́, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó bi mí ni ò sì nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

*Owó àárín.* RadioMaster, àwọn bíi Boxer tàbí TX16S, tó ń lo EdgeTX, ètò kọ̀ǹpútà inú rímóòtù. Bí ẹ bá ra èyí tó ní ẹ̀rọ onírúurú èdè nínú, á bá rìsífà FlySky, FrSky àti Spektrum sọ̀rọ̀. Ohun tí ẹ bá fẹ́ ni ẹ lè fi súwíìṣì èyíkéyìí ṣe. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹ máa jókòó kàwé. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn kọ̀ǹpútà, kó fi í sílẹ̀.

*Àlòkù.* Ẹ lè rí Spektrum tàbí Futaba tó dára lọ́wọ́ ẹni tó fi bàlúù sílẹ̀. Ẹ bèèrè ìgbì rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, ẹ sì wo iye tí wọ́n ń ta rìsífà rẹ̀. Rímóòtù ọ̀fẹ́ tó jẹ́ pé rìsífà rẹ̀ gbówó lórí, ọ̀fẹ́ kọ́ nìyẹn.

Ẹ má sanwó fún bí ìgbì ṣe ń lọ jìnnà tó. Adágún wa kì í ju kí èèyàn sọ òkò dé òdìkejì lọ. Ẹ má sanwó fún ojú rímóòtù aláwọ̀ mèremère náà. Nínú oòrùn, ẹ ò ní rí i. Ohun kan tó tọ́ sí owó ni kí rímóòtù máa sọ iye fólítì tó kù nínú ọkọ̀ fún yín, kó sì ké tó bá rẹlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Lórí tábìlì nílé

Kò sí gáàsì, kò sí ọta. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí àga rẹ̀, kí ohunkóhun má kan fáànù ìdí ọkọ̀.

1. Ẹ tan rímóòtù, ọ̀pá ìyára sáàárín, kí ẹ tó tan ọkọ̀.
2. Ẹ so wọ́n pọ̀ bí ìwé rẹ̀ ṣe sọ, kí gbogbo ọ̀pá wà láàárín, kí ìgbọ̀nwọ́ yín jìnnà.
3. Ẹ yí ìtọ́kọ̀ sí ọ̀tún. Bó bá lọ sósì, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ reverse sí nínú rímóòtù, kí ẹ yí i padà. Ẹ má tú servo.
4. Ẹ ti ọ̀pá ìbọn dé òpin, kí ẹ dákẹ́, kí ẹ tẹ́tí. Bí servo bá ń kùn bí eṣinṣin inú ìgò, ó ń ti fáàfù kọjá ibi tó lè dé, á jóná lọ́jọ́ kan. Ẹ dín ibi tó ń dé kù díẹ̀díẹ̀ títí tó fi máa dákẹ́, kí ẹ sì rí i pé fáàfù ṣì ń ṣí.
5. Ẹ ṣètò failsafe. Ẹ ti ọ̀pá ìyára síwájú kúrò láàárín, kí ẹ pa rímóòtù. Mọ́tò gbọ́dọ̀ dúró, ìbọn ò gbọdọ̀ mira, pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ tan. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta.
6. Ẹ pa ọkọ̀, kí ẹ tún un tàn, kí ẹ máa wo servo ìbọn. Àwọn servo kan máa ń ta gìrì nígbà tí iná bá kọ́kọ́ dé. Bí tiyín bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ti mọ ìdí tí gáàsì fi gbọ́dọ̀ kẹ́yìn.

Létí adágún: ẹ gé èyí, ẹ lẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn rímóòtù

- [ ] Awò ààbò wà lójú
- [ ] Bátìrì rímóòtù kún
- [ ] Rímóòtù ń lo orúkọ ọkọ̀ tòní, kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá
- [ ] Rímóòtù tàn, ìyára wà láàárín, lẹ́yìn náà ọkọ̀
- [ ] Ọkọ̀ wà nínú omi, mo rìn jìnnà ní ìṣísẹ̀ 30, ìtọ́kọ̀ ṣì ń gbọ́
- [ ] Failsafe lẹ́ẹ̀kan sí i
- [ ] Okùn àti ohun tó máa léfòó wà lórí ọkọ̀
- [ ] Gáàsì kẹ́yìn

Tí ìjà bá parí, gáàsì ni kí ẹ kọ́kọ́ pa. Lẹ́yìn rẹ̀ ọkọ̀. Rímóòtù ló ń kẹ́yìn.

Tí ó bá rì

Á rì. Rìsífà tó rì lè yè bí ẹ bá yára.

1. Kí ẹ tó dá omi inú ọkọ̀ nù pàápàá, ẹ yọ bátìrì. Omi nìkan kì í sábà pa pátákó ẹ̀rọ. Omi àti iná pọ̀ ló ń jẹ ẹ́.
2. Ẹ pa gáàsì, ẹ tú ohun tó kù nínú rẹ̀ dànù, kí imú ìbọn kọjú síbi tí kò sí ènìyàn.
3. Ẹ yọ rìsífà. Bí adágún bá ní ẹrẹ̀ tàbí iyọ̀, ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án.
4. Ẹ da isopropyl alcohol sí i, kó lé omi jáde lábẹ́ àwọn ẹ̀yà kéékèèké. Ẹ gbọn ọ́n.
5. Ẹ gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Kì í ṣe inú oòrùn lórí mọ́tò yín, kì í ṣe inú ààrò. Kó wà níbẹ̀ mọ́jú, ó kéré tán.
6. Ẹ fi rìsífà kejì tí ẹ ti so pọ̀ tẹ́lẹ̀ sínú ọkọ̀, kí ẹ tún failsafe rẹ̀ wò, kí ẹ padà sínú omi. Bí ẹ kò bá ní ìkejì, ẹ fa àga yín wá sọ́dọ̀ mi, mo ní kọfí nínú fíláàsì.